Ìpolówó Ọjà: Láti Ẹnu Ẹlẹ́kọ dé Orí Ẹ̀rọ

Kí ìwé ìròyìn tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ẹnu ni a fi ń polówó ọjà. Ẹlẹ́kọ a máa kọrin yin ẹ̀kọ rẹ̀. Oníbàárà a dá a dúró, a bi í léèrè, a sì ná ọjà. Nígbà tí Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ìpolówó bọ́ sínú ìwé. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, ó di àwòrán. Ta ni yóò dá ẹ̀rọ dúró bi í léèrè?

Ẹ wo Omo. Orúkọ ọṣẹ kan péré ni, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ló ń pe gbogbo ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú bẹ́ẹ̀. (Maggi àti Indomie náà kò gbẹ́yìn.) Ẹni tó fẹ́ ra ti ilé-iṣẹ́ mìíràn gan-an, Omo ni yóò kọ́kọ́ bèèrè, ó ti bá àwọn tó ni Omo polówó láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọṣẹ wo ni ẹ rà kẹ́yìn, kí sì ni ẹ pè é?