Oyún Ṣíṣẹ́ Nílé Ìwòsàn Ìjọba: Ibi Tí Òfin Gbà Dé

Ọ̀nà kò jìn láti Bódìjà dé UCH, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣí síbi tó wà yìí lọ́dún 1957. Síbẹ̀, bí obìnrin kan bá lọ bẹ dókítà níbẹ̀ pé kó bá òun ṣẹ́ oyún nítorí pé òun kò tí ì fẹ́ ọmọ, òfin kò fún dókítà náà láyè láti gbà. Àmọ́ ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ kò tí ì débi ìdí rẹ̀.

Òfin ìwà ọ̀daràn tó ti wà nílẹ̀ wa láti ọdún 1916 ló la ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Irú rẹ̀ náà ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń lò. Abala 228 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sílẹ̀ fún ẹni tó bá gbìyànjú láti ṣẹ́ oyún obìnrin. Abala 229 fi ọdún 7 lé obìnrin náà lórí. Ọdún 3 ni ti ẹni tó fún un ní oògùn tàbí irinṣẹ́, tó sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Abala 297 ló ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀: dókítà tó bá fi òótọ́ inú àti ìmọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún aláboyún láti gba ẹ̀mí rẹ̀ là kò jẹ̀bi.

Ìgbà wo wá ni ẹ̀mí wà nínú ewu? Ní London lọ́dún 1938, dókítà Aleck Bourne ṣẹ́ oyún ọmọdébìnrin ọdún 14 kan tí àwọn ọmọ ogun fipá bá lò pọ̀. Adájọ́ ní kò pọn dandan kí dókítà dúró títí ikú yóò fi kan ilẹ̀kùn. Wọ́n dá Bourne sílẹ̀. Àwọn amòfin wa ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ náà. Lọ́dún 2018, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde fún àwọn dókítà lórí oyún tí òfin gbà kí wọ́n ṣẹ́. Èkó ṣe tirẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ṣùgbọ́n ariwo pọ̀ débi pé Gómìnà Sanwó-Olú dá a dúró ní oṣù keje. Lọ́dọ̀ àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, Yorùbá bíi tiwa, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà: láti ọdún 2021, òfin orílẹ̀-èdè Benin gbà á títí di ọ̀sẹ̀ 12 fún obìnrin tí oyún náà yóò kó sínú ìnira.

Ohun tó ń pa àwọn èèyàn wa jù ni ìbẹ̀rù lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́ oyún náà níkọ̀kọ̀. Olówó a máa rí dókítà aládàáni. Ọwọ́ oníkẹ́míìsì ni tálákà ń bọ́ sí. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, wọ́n á sé e mọ́lé nítorí ọlọ́pàá. Bẹ́ẹ̀, kò sí òfin tó ní kí dókítà má tọ́jú obìnrin tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó wálẹ̀ fúnra rẹ̀ tàbí pé ẹnìkan ló ṣẹ́ ẹ. Ní UCH, ní Adéọ̀yọ́ tó wà ní Yemẹtu, iṣẹ́ wọn ni láti fa ohun tó kù nínú ilé ọmọ jáde, kí wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò, kí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára bó bá yẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, bí ibà bá mú un, tí inú ń run ún tàbí tí ohun olóòórùn ń jáde lójú ara, kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì sọ oògùn tó lò fún dókítà.