Ògúndá Méjì àti Òbí Tó Bá Ọmọ Rẹ̀ Dé Aró



Nínú Ògúndá Méjì, Ọ̀rúnmìlà bi àwọn òrìṣà léèrè ẹni tó lè bá ẹni tó ń sìn ín rìnrìn àjò jíjìn láì padà lẹ́yìn rẹ̀. Oníkálukú ní òun lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ìlú baba wọn, tí wọ́n jẹ tí wọ́n yó, ilé ni wọ́n ń yà sí. Orí nìkan ni kì í padà.

Ẹsẹ̀ yìí wúlò púpọ̀ fún àwọn òbí tó ń tọ̀ mí wá láti Agége àti àdúgbò ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà, nítorí ọmọ tó ti dàgbà tó ní àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní bipolar. Ọmọ náà lè wà láìsùn fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó máa sọ̀rọ̀ láìdánu dúró, kí ó sì ná gbogbo owó oṣù rẹ̀ tán. Bó bá yá, ìbànújẹ́ á dá a dùbúlẹ̀, kò ní lè lọ síbi iṣẹ́. Ohun tí òbí ń bèèrè kì í yàtọ̀: “Bàbá, ó ti dàgbà, ibo ni mo lè bá a dé?”

Ìtàn ti dáhùn. Ní 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí ilé aláìsàn ọpọlọ ní Yábàá. Ìsémọ́ ló pọ̀ níbẹ̀ ju ìwòsàn lọ. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, gba ọ̀nà mìíràn ní Aró. Àwọn aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí ilé-ìwòsàn ká, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú. Dandan ni kí ìbátan kan, ó kéré tán, bá aláìsàn wá, kí ó máa se oúnjẹ, kí ó máa fọ aṣọ, kí ó sì máa mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kí wọ́n wá bá a ṣiṣẹ́.

Kò ṣàjèjì. Egbò asofẹ́yẹjẹ ni àwọn àgbà fi ń mú ara aláìsàn wálẹ̀. Láti ara ìbátan igi yìí ní Íńdíà ni àwọn onímọ̀ ti yọ reserpine ní 1952. Ṣùgbọ́n ó ń fa ìfúnpá wálẹ̀ gidigidi. Nítorí náà, èmi kì í fún ẹni tó ń lo oògùn dókítà, n kì í sì í ní kí ẹnikẹ́ni pa oògùn tirẹ̀ tì.

Òbí kì í ṣe Orí ọmọ rẹ̀. Kò lè bá a dé òpin àjò. Ìbátan Aró ni kí ó jẹ́: kí ó máa ṣọ́ oorun rẹ̀, kí ó bá a lọ ní ọjọ́ dókítà, kí ó má fi ẹ̀wọ̀n dè é. Kí àwọn ẹbí sì máa gbà á fún ara wọn, nítorí ẹni tó ń sinni náà ń rẹ̀.

Kí Orí kálukú má padà lẹ́yìn rẹ̀. Àṣẹ.