Káàdì Tí A Fọwọ́ Ara Wa Ṣe: Láti Orí Whot Dé Àgbowó

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ẹ bá wa ka káàdì Whot tó wà nílé yín. Bó bá pé, 54 ló yẹ kó jẹ́. Àmọ́ ilé wo ló ti pé? Nílé ẹnì kan nínú àwa tí a kọ àròkọ yìí, 8 onígun-mẹ́ta ti sọ nù tipẹ́. Páálí kọnfiléèkì ni wọ́n gé dípò rẹ̀, tí wọ́n fi bírò ya onígun-mẹ́ta sí i. Gbogbo ilé ló máa ń mọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí orí àkùkọ ló yọ lẹ́yìn rẹ̀. Kó tó sọ ọ́ sílẹ̀ láti fò ẹ́ kọjá, o ti mọ̀ pé ìyà ń bọ̀.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé Nàìjíríà ni wọ́n ti bí Whot. Rárá o. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ William Henry Storey ló gbé e jáde láàárín ọdún 1930 sí 1939, ilé-iṣẹ́ Waddingtons ti ìlú Leeds ló sì ń tẹ̀ ẹ́ tà. Waddingtons yìí náà ló ń tẹ Monopoly fún àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1935. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún tẹ àwòrán ilẹ̀ sórí aṣọ ṣẹ́dà kí àwọn ọmọ ogun tí ọ̀tá mú lè rí ọ̀nà sá. Lónìí, ẹni tó mọ Whot kò pọ̀ mọ́ lọ́hùn-ún. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? A ń ta á bí ẹni ń ta ayò, a sì ti fi òfin tiwa kún un débi pé ilé kan kì í gba òfin ilé kejì.

Ìdí kan wà tí Whot fi rọrùn láti fọwọ́ ṣe. Káàdì àwọn òyìnbó tó kù ní ọba, ayaba àti ọmọ ọ̀dọ̀ wọn. Ta ló fẹ́ jókòó ya irùngbọ̀n ọba sórí páálí? Whot kò ní gbogbo ìyẹn. Òbìrìkítí 12, onígun-mẹ́ta 12, àgbélébùú 9, onígun-mẹ́rin 9, ìràwọ̀ 7, àti Whot fúnra rẹ̀, ìyẹn 20, márùn-ún. Kò sí 6, kò sí 9. Èrò tiwa ni pé bí o bá dorí 6 kodò, 9 ló dà, ìjà sì dé nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ní rúlà àti ìdérí ìgò lè ya gbogbo rẹ̀ tán kí ìyá rẹ̀ tó ti ọjà dé.

Nígbà kan rí, ẹni tó bá tẹ káàdì fúnra rẹ̀ lè fi orí rẹ̀ dí i. Láyé Ayaba Anne, ní 1711, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé owó-orí lé káàdì. Nígbà tó yá, wọ́n sọ káàdì kan ṣoṣo, ace of spades, di ẹ̀rí pé a ti san owó náà. Ní 1805, wọ́n yẹgi fún Richard Harding nítorí pé ó ń tẹ ayédèrú rẹ̀. Wọn ò fagi lé owó-orí yìí títí di 1960, ọdún tí àwa gba òmìnira. Ní Kánádà ẹ̀wẹ̀, nígbà tó wà lábẹ́ àwọn Faransé, owó tán lọ́wọ́ ìjọba ní 1685. Jacques de Meulles bá kó káàdì jọ, ó kọ iye owó sí i, ó fọwọ́ sí i, ó sì fi san owó àwọn ọmọ ogun. Ẹ̀yìn káàdì ìgbà náà funfun báláú ni, nítorí náà ààyè wà láti kọ nǹkan sí.

Lọ́dún tó kọjá, àwa mẹ́ta pinnu láti ṣe káàdì tiwa. A ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé ní Bódìjà, àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n léèrè pé ṣé wọ́n ti jẹun. Àmì ohùn sú wọn. La bá ní ká ṣe eré tó jọ Whot. Bí ẹnì kan bá sọ "igbá" sílẹ̀, ẹni tó kàn lè sọ "ìgbà" tàbí "igbà" lé e, nítorí lẹ́tà kan náà ni. Ó sì lè sọ "ọkọ́" lé e, nítorí ohùn kan náà ni.

Ìṣirò rẹ̀ dùn mọ́ wa. Káàdì tó bá fẹ̀ ní mìlímítà 63, tó gùn ní 88, mẹ́ta yóò wọ ìbú bébà A4, mẹ́ta yóò wọ òòró rẹ̀. Mẹ́sàn-án lórí bébà kan, bébà mẹ́fà, 54 géérégé. A gbé e sínú fláàṣì, ó di Àgbowó.

Ṣọ́ọ̀bù tí a yà sí, a ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwa náà jẹ̀bi, nítorí a ní kí bọ̀dá tó wà níbẹ̀ tẹ gbogbo rẹ̀ kí a tó wò ó. Ìgbà tó jáde, kò sí àmì kankan lórí ọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn di àpótí kéékèèké. "Igba" márùn-ún ló tò sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ìbejì.

"Ẹ má bínú," ni bọ̀dá wí, "kọ̀ǹpútà mi ò gbọ́ èdè yín."

"Bọ̀dá, èdè tiyín náà ni o."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dín owó fún wa díẹ̀.

Kì í ṣe òní ni ẹ̀rọ ti ń jẹ àmì wa. Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni Ìwé Ìròyìn ti jáde ní 1859, títí Ìfọ́lé 1867 fi tú wọn ká. Wọ́n ṣèpàdé ní Èkó ní 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí, Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé lé e lórí ní 1965, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ ní 1974. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, tàípíráítà kò lè kọ àmì. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ fi bírò to àmì sórí àpilẹ̀kọ yín lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ ò ní tíì gbàgbé.

Ohun tó yanjú rẹ̀ kò le: ẹ sọ ọ́ di PDF tó gbé irú lẹ́tà rẹ̀ dání, kí ẹ sì wo ewé kan kó tó tẹ ìyókù. Ẹ̀yìn káàdì ńkọ́? Bí ẹ bá ya ọnà kan ẹ̀gbẹ́, bébà á yẹ̀ díẹ̀ nínú ẹ̀rọ, káàdì kọ̀ọ̀kan á sì ní àléébù tiẹ̀, bíi ti àkùkọ ọjọ́sí. Ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀ ní funfun. Bébà tó nípọn ni kí ẹ lò, kí ẹlòmíì má baà rí ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Láminétì máa ń dáàbò bò ó lóòótọ́, àmọ́ káàdì á máa yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ní ẹ̀rọ ìgébébà ní Mọ́kọ́lá bá yín gé e. Ti àlùmọ́gàjí tiwa rí wọ́gọwọ̀gọ.

Àmọ́ Sátidé ti dé kí a tó rí owó tẹ òmíràn. Lóru Jímọ̀, a jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, a fi bírò pupa to àmì sórí gbogbo káàdì, a sì kọ ọ̀rọ̀ tuntun sórí àwọn tó di àpótí. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan sọ "ọkọ̀" lé "igbà". Àwọn yòókù pariwo pé kò bára mu. Ó dìde dúró, ó kọrin rẹ̀ sí wọn létí: re-dò, re-dò! Wọ́n kọ ọ́ padà, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì jẹ́ kó wà.

Káàdì 54 la kó lọ, 53 la kó bọ̀. "Ìgbá" ló sọ nù. A ti wá páálí gé.