Fífi Owó Ìlú Bo Àṣírí Olóṣèlú

Fífi owó ìlú bo àṣírí ni kí ẹni tó wà nípò ìjọba mú lára owó tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kó fi bo ohun tí kò fẹ́ kí ará ìlú rí nínú ayé rẹ̀: àlè, ọmọ tó bí síta, ẹjọ́ àtijọ́, ilé òkè òkun, àkáǹtì tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Ó yàtọ̀ díẹ̀ sí kíkó owó jẹ lásán. Ẹni tó kó owó jẹ lè gbé e, kó máa lọ. Ẹni tó ń fi owó bo àṣírí kò ní sinmi, torí ẹnu tí wọ́n fi owó dí lónìí tún lè ya lọ́la.

Ká mú ìlú Bìní ṣe àpẹẹrẹ. Siluko Road wà lára àwọn títì ńlá tó gba inú ìlú náà lọ síhà ìwọ̀ oòrùn. Ìlú Siluko tó wà nítòsí ààlà ìpínlẹ̀ Ẹdó àti Òǹdó ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ọjà Oliha wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti àwọn oníṣòwò ẹ̀bá títì kò sì lóǹkà. Ẹni tó ń wakọ̀ níbẹ̀ nígbà òjò kì í bi ara rẹ̀ pé ta ni àlè gómìnà. Ibi tí owó títì wọlé sí ló ń bá a jà. Ṣùgbọ́n bí ẹjọ́ bá délé ẹjọ́ tán, ìbéèrè méjèèjì sábà máa ń pàdé.

Lucky Igbinedion, ọmọ Olóyè Gabriel Igbinedion tí í ṣe Èsámà ìlú Bìní, jẹ alága ìjọba ìbílẹ̀ Oredo, tó ni àárín ìlú náà, láti 1987 sí 1989. Ó wá di gómìnà Ẹdó ní 1999, ó sì lo ọdún mẹ́jọ. Nígbà tó kúrò, EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jẹgúdújẹrá, wọ́ ọ lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Enugu, òun àti ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Kiva Corporation. Ẹ̀sùn 191 ni wọ́n kà sí i lọ́rùn, owó tí wọ́n sì ń tọ́ka sí ju bílíọ̀nù mẹ́rin náírà lọ. Nígbà tó di oṣù Kejìlá 2008, lẹ́yìn tí olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́ ti jókòó dúnàádúrà, ẹ̀sùn 191 di ẹyọ kan, ọkùnrin náà sì gbà pé òun jẹ̀bi rẹ̀.

Ẹ̀sùn ẹyọ kan yẹn yẹ ní wíwò. Wọn ò sọ níbẹ̀ pé ó jalè. EFCC ló fún un ní fọ́ọ̀mù pé kó kọ gbogbo ohun ìní rẹ̀ sí i. Ó kọ ọ́, ó sì fo àkáǹtì kan tó wà ní Guaranty Trust Bank. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ilé ẹjọ́. Adájọ́ Abdullahi Kafarati ní kó san ìtanràn tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lọ, 500 mílíọ̀nù náírà àti ilé mẹ́ta sì padà sọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tí EFCC tún gbé ẹ̀sùn mìíràn dé ní Bìní, ilé ẹjọ́ ní 2011 sọ pé wọn kò lè tún máa dá ẹjọ́ tí wọ́n ti parí. Fífi nǹkan pamọ́ ni òfin rí mú. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ gan-an yọ́ lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní oṣù Kẹrin 2015, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Bìní tún dá arákùnrin Lucky, Michael, lẹ́bi: mílíọ̀nù mẹ́ta náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà. Olùrànlọ́wọ́ gómìnà tí wọ́n jọ jẹ́jọ́ gba ẹ̀wọ̀n ogún ọdún láìsí àyè owó ìtanràn. Ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ ni wọ́n fún ní ìyà ńlá. Bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn.

Ọ̀ràn James Ibori, gómìnà ìpínlẹ̀ Delta tẹ́lẹ̀, le jù báyìí lọ. Ìpínlẹ̀ kan náà ni Ẹdó àti Delta, Bendel, títí di 1991. Lọ́dún 1991 yẹn náà ni ilé ẹjọ́ kan ní London dá Ibori lẹ́bi olè lórí ọjà Wickes, ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìkọ́lé ní Ruislip níbi tó ti ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà. Òfin Nàìjíríà kò gbà kí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá du ipò gómìnà. Ó yí ọjọ́ ìbí rẹ̀ padà kí àkọsílẹ̀ tí London má bàa tú u fó, ó sì wọlé ní 1999. Láti ìgbà yẹn, owó Delta ń gba ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, arábìnrin rẹ̀, àlè rẹ̀ àti lọ́yà kan ní London lọ. Ó ra ilé kan ní Hampstead ní £2.2 mílíọ̀nù láìyá kọ́bọ̀. Ilé ẹjọ́ Asaba dá a sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn 170 ní oṣù Kejìlá 2009. Ilé ẹjọ́ Southwark ní London fún ìyàwó, arábìnrin àti àlè ní ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún márùn-ún ní 2010. Nígbà tó sì kan òun fúnra rẹ̀ ní 2012, ó gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n fún un ní ọdún 13. Àlè tó yẹ kí owó bò mọ́lẹ̀ ló wá di ẹni tí wọ́n fi bo owó.

Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ funfun kì í tètè rí. Lọ́dọ̀ wa níbí, àti lọ́dọ̀ àwọn Ẹdó, ìyàwó kejì kò tó nǹkan tí olóṣèlú ń ná owó ìlú lé lórí kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́. Yóò kúkú mú un lọ síbi ìnáwó nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ níbí ni dúkìá, ọjọ́ orí, ìwé ẹ̀rí. Salisu Buhari, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní 1999, fipò sílẹ̀ nítorí ìwé ẹ̀rí Yunifásítì Toronto tí kò gbà àti ọjọ́ orí tó fi kún tirẹ̀.

Ní Faransé, ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù ni wọ́n ń fi pamọ́. François Mitterrand, ààrẹ láti 1981 sí 1995, fi ọmọbìnrin rẹ̀ àti ìyá ọmọ náà sínú ilé ìjọba ní Quai Branly ní Paris. Owó ìjọba ló ń san owó àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ wọn. Nígbà tí òǹkọ̀wé Jean-Edern Hallier ń halẹ̀ pé òun yóò tú àṣírí náà, àwọn òṣìṣẹ́ ààfin ń fetí sí fóònù rẹ̀. Àṣírí náà jáde nínú Paris Match ní 1994, ilé ẹjọ́ sì dá àwọn tó ń tẹ́tí sí fóònù lẹ́bi ní 2005, nígbà tí Mitterrand ti kú. Ní Detroit, Amẹ́ríkà, owó tí wọ́n fi ṣe é ní iye gidi: $8.4 mílíọ̀nù ni ìlú náà san fún àwọn ọlọ́pàá tó pẹjọ́ ní 2007, kí àtẹ̀jíṣẹ́ ìfẹ́ láàárín olórí ìlú, Kwame Kilpatrick, àti olórí òṣìṣẹ́ rẹ̀ má bàa jáde. Ó jáde ní oṣù Kìíní 2008. Kí ọdún tó parí, Kilpatrick ti fipò sílẹ̀, ó sì ti lọ sẹ́wọ̀n.

Ní Nàìjíríà, àwọn ọ̀nà méjì tó rọrùn jù ni òfin tàbí àṣà ìjọba fúnra rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni owó ètò ààbò tí gbogbo ènìyàn ń pè ní security vote. Owó ọwọ́ ni, kò sí rìsíìtì, kò sí olùṣirò owó tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn àjọ Transparency International àti CISLAC ṣírò rẹ̀ ní 2018 pé ó ju $670 mílíọ̀nù lọ lọ́dọọdún káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ààbò ni. Ìkejì ni ìkéde dúkìá, ìwé tí olóṣèlú ń kọ ohun ìní rẹ̀ sí ṣùgbọ́n tí ará ìlú kì í rí.

Ìjọba ológun Murtala Muhammed ló ṣí i lójú ìlú pé ọ̀rọ̀ dúkìá kò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ olóyè nìkan: nínú gómìnà ológun méjìlá tí wọ́n wádìí, mẹ́wàá ló jẹ̀bi, Samuel Ogbemudia tó ṣàkóso láti Bìní wà nínú wọn, Mobolaji Johnson ti Èkó àti Oluwole Rotimi ti Ìwọ̀ Oòrùn nìkan ló yọ. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1979 wá mú ìkéde dúkìá wọlé, ti 1999 sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n òfin náà ní kí ará ìlú rí ìwé ìkéde náà lábẹ́ ìlànà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá là kalẹ̀, ilé náà kò sì là á kalẹ̀. Ààrẹ Umaru Yar'Adua gbé tirẹ̀ síta fúnra rẹ̀ ní 2007. Ààrẹ Goodluck Jonathan kọ̀ jálẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2012. Ní tàwọn gómìnà, títí kan èyí tó bá wà nílé ìjọba ní Bìní, fọ́ọ̀mù wọn wà nínú fáìlì lọ́dọ̀ Code of Conduct Bureau, àjọ tó ń gba ìkéde dúkìá, àwọn tó ń gba Siluko Road kọjá kò sì ní ẹ̀tọ́ tó dájú láti ṣí i wò.