Ọmọ Aṣẹ́gità àti Èèpo Igi

Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò fi ọmọ ọba ṣe àpẹẹrẹ, wọn kò sì fi ọmọ olówó ṣe é. Ẹni tó ń wọ igbó lọ ṣẹ́gi, tó ń fi orí rù ú wá sọ́jà, ni wọ́n mú, nítorí ọwọ́ ẹni tí ohun ìní rẹ̀ kò pọ̀ la ti ń rí ìtọ́jú. Títà ni igi wà fún. Èèpo tó bọ́ sílẹ̀, tí ẹlòmíràn yóò fẹsẹ̀ gbá dànù, lọmọ rẹ̀ ń ṣà jọ, tó ń sá sóòrùn, tó sì fi ń dáná alẹ́.

Ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́ òwe yìí bí ẹni pé tálákà ló ń bá wí, pé kó jókòó jẹ́ẹ́ sáyè rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń náání nǹkan kì í káwọ́ gbera. Ó ń ṣà, ó ń gbọn iyanrìn dànù, ó ń kó o wọlé kí òjò má bàa pa á. Òwe náà kò ní kí ọmọ aṣẹ́gità má lọ sílé ìwé, kò ní kó má di dókítà. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí ló ní kó má fojú tín-ín-rín wò.

Igolo ni mo fẹ́ fi là á yé wa, nítorí ìlú ẹnubodè ni, kò sì síbi tó ṣòro fún ojú láti dúró sílé tó ìlú ẹnubodè. Ó wà ní Ifangni, ilẹ̀ àwọn Ìfọ̀nyìn, ní ẹkùn Plateau ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) bọ̀ ló gba ibẹ̀ wọ Ìdí-Ìrókò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ̀wé nípa ààlà, tí àwọn ọmọ baba kan náà fi di ará ìhín àti ará ọ̀hún. Láti ìgbà náà, ọ̀hún lojú sábà ń wà: ṣé náírà gòkè ni àbí ó já, ṣé bẹntiróòlù tí wọ́n ń pè ní kpayo ti gbówó lórí, ṣé ọkọ̀ ń kọjá?

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Sẹ̀mẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣí. Ìdí-Ìrókò kò sí níbẹ̀. Ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Ìyà jẹ oníṣòwò, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀: ẹni tí ọjà rẹ̀ bá jẹrà sínú ọkọ̀ kò wá ìwàásù ìtẹ́lọ́rùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ọ̀nà fi wà ní títì, ọ̀pẹ kò dúró de aṣọ́bodè. Ẹyìn ń pọ́n.

Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni agbègbè náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ lọ síbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe epo, kí ẹ fara balẹ̀ wò ó. Wọ́n á ja ẹyìn kúrò lára ìdì, wọ́n á sè é títí yóò fi rọ̀, wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á da omi sí i. Ìfófòó pupa rẹ́súrẹ́sú yóò léfòó, wọ́n á sì máa fọwọ́ gbọ́n ọn sínú ìkòkò. Nígbà tí ìkòkò bá dórí iná, ẹ tẹ́tí sí i. Bí omi bá ṣì wà nínú epo, yóò máa ta pàrà-pàrà. Tí omi bá tán, ariwo náà á rọlẹ̀, á sì dákẹ́. Etí nìyá àgbà fi ń mọ̀ pé epo ti jinná. Ó lè máa bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kó ṣàdédé dákẹ́, kó ní kí wọ́n fa igi jáde.

Ìhá tí wọ́n fún gbẹ kò di ìdọ̀tí. Wọ́n á mọ ọ́n, wọ́n á sá a, òun ni wọn yóò fi ṣáná fún ìdáná mìíràn. Ẹ̀kùrọ́ di àdín, eérú ìdì ọ̀pẹ di ọṣẹ dúdú, ọwọ̀ ń tara imọ̀ jáde. Ọ̀pẹ tó bá dàgbà jù, wọ́n á gé e lulẹ̀ dá ẹmu, wọ́n á sì fi ẹmu náà pọn ọtí sodabi. Èèpo igi inú òwe wa nìyẹn, ní ojúkojú.

Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹni tó ń kọjá yóò kí àwọn tó jókòó síta pé, “Ẹ kú ìjókòó o.” Ó máa ń wú mi lórí púpọ̀. Wọn kò ṣiṣẹ́ kankan lásìkò yẹn, wọn kò sì ṣẹṣẹ̀ jèrè. Wọ́n kàn jókòó ni, bóyá ọpọ́n ayò wà láàárín wọn, bóyá ẹnì kan ń pọn ọmọ. Síbẹ̀ àwọn baba wa rí i pé ìjókòó lásán yẹ ní kíkí, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ti ọjà dé. Ìran tó kọ́ ọmọ rẹ̀ ní irú ìkíni báyìí ti kọ́ ọ láti rí ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Igolo kọjá lọ sí Àjàṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà àti ṣíṣẹ́ náírà sí sẹ́fà gba gbogbo ojú yín. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo, ẹ kí wọn kú iṣẹ́, ẹ dúró títí ìkòkò yóò fi dákẹ́, kí ẹ sì ra ìgò kan lọ́wọ́ wọn láìyọwó jù.