Ipa àléfọ́ lórí ọkàn àti ìbágbépọ̀ ẹ̀dá

Àléfọ́, tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ́síìmà, jẹ́ àrùn awọ ara ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí ó máa ń mú kí ara gbẹ, kí ó máa yún, kí ó sì máa sán. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, kì í sì í ṣe àmì ìdọ̀tí. Síbẹ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló ń rí i, èrò tí wọ́n ní nípa rẹ̀ lè dun aláìsàn ju ìyúnra náà lọ.

Ìgbà ọyẹ́

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, bí àpẹẹrẹ ní Òmùpo ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn, ọyẹ́ máa ń fẹ́ láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ yìí máa ń fa omi kúrò lára awọ, àléfọ́ a sì le sí i. Bí a bá tún fi kànrìnkàn àti ọṣẹ líle bó ara nítorí a rò pé ìdọ̀tí ni, ńṣe ni yóò burú sí i.

Ipa lórí ọkàn

Ìyúnra sábà máa ń pọ̀ ní òru. Àìsùn a mú kí ọmọ máa tòògbé nínú kíláàsì. Òbí tí ń tọ́jú rẹ̀ náà kì í rí oorun sùn. Àníyàn máa ń dá kún ìyúnra, ìyúnra a sì tún dá kún àníyàn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní àléfọ́ ju láàárín àwọn ẹlòmíràn lọ. Lára aláwọ̀ dúdú, àpá rẹ̀ lè wà fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn tí ìyúnra ti lọ, ìtìjú a sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ipa láàárín àwùjọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín àléfọ́ àti làpálàpá tàbí kúrúná, tí í máa ràn. Nítorí náà wọ́n lè kọ̀ láti bá aláìsàn jẹun nínú àwo kan tàbí láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nínú àṣà Yorùbá, ìdílé máa ń ṣe ìwádìí kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìgbéyàwó, pàápàá nípa ètè, wárápá àti wèrè. Àpá àléfọ́ lè mú kí wọ́n fura sí ètè láìnídìí. Ojú àpá ètè kì í sábà mọ ìfọwọ́kàn mọ́; ti àléfọ́, yíyún ló ń yún.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Ní ọdún 1994, A. Y. Finlay àti G. K. Khan ní Cardiff, ní orílẹ̀-èdè Wales, gbé ìbéèrè 10 kan jáde tí à ń pè ní DLQI. Ó ń béèrè nípa ìtìjú, aṣọ wíwọ̀, iṣẹ́ àti ìbáṣepọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó kọjá. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 30. Bí ó bá ṣe ga tó ni ìnira ṣe pọ̀ tó. Ti àwọn ọmọ ọdún 4 sí 16 jáde ní ọdún 1995.

Ìrànlọ́wọ́

Fífi ìpara tí kò ní òórùn pa ara lẹ́yìn ìwẹ̀, nígbà tí ara ṣì tutù, máa ń dín gbígbẹ kù. Ó yẹ kí a lo oògùn ìpara bí dókítà bá ṣe kọ ọ́, nítorí pé àwọn kan tí wọ́n ń tà lọ́jà lè sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí olùkọ́ bá ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì pé àléfọ́ kì í ràn, ó ti mú apá kan ìnira náà kúrò.