Ìyàtọ̀ Apilẹ̀ Àbùdá Láàárín Àwọn Ìran Ènìyàn

Apilẹ̀ àbùdá ni ohun tí ọmọ jogún lára bàbá àti ìyá rẹ̀, tí ara fi ń mọ iṣẹ́ tí yóò ṣe. Lẹ́tà mẹ́rin péré, A, C, G àti T, ni a fi kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ibi ni lẹ́tà ẹnì kan ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n onímọ̀ apilẹ̀ àbùdá Richard Lewontin ṣírò rẹ̀ lọ́dún 1972, ó rí i pé nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ náà ló wà láàárín àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ìran kan. Lẹ́tà kan náà ló sábà máa ń wà níbi gbogbo. Ó kàn pọ̀ níbìkan ju ibòmíràn lọ ni.

Iṣẹ́ ìwádìí apilẹ̀ àbùdá tí wọ́n ń pè ní HapMap, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, lo ẹ̀jẹ̀ 270 ènìyàn láti Ìbàdàn, Tokyo, Beijing àti Utah. Àádọ́rùn-ún ni ti Ìbàdàn: bàbá, ìyá àti ọmọ, ọ̀nà ọgbọ̀n. Àwọn olùwádìí náà kìlọ̀ pé kí a máa pe àwọn wọ̀nyí ní Yorùbá Ìbàdàn, kí a má kàn pè wọ́n ní ará Áfíríkà. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí kò síbi tí apilẹ̀ àbùdá ti yàtọ̀ síra tó ti Áfíríkà.

Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ní kí àfẹ́sọ́nà méjì mú ìwé jẹ́nótáìpù wá, lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń dẹ́rù bà wọ́n: A tó di T nínú apilẹ̀ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì di SS, fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tó gba ẹyọ kan, AS, kì í sábà kú ikú ibà ní kékeré, ìdí nìyẹn tí nǹkan bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin fi ní in. Ẹ̀fọn ló pín in, kì í ṣe àwọ̀ ara: ó wà ní Gíríìsì àti Íńdíà, ó sì ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn Xhosa.

Ìyàtọ̀ ti apilẹ̀ àbùdá tí wọ́n ń pè ní Duffy le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ní irú rẹ̀ tó ti ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa mọ́ kòkòrò ibà vivax. Ní Yúróòpù, kò wọ́pọ̀ rárá.

Mílíìkì ńkọ́? Lẹ́tà tó ń jẹ́ kí inú àgbàlagbà lè lo ṣúgà rẹ̀ pọ̀ ní àríwá Yúróòpù, ó pọ̀ láàárín àwọn Fúlàní, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n lára Yorùbá. Nínú wàrà tí obìnrin Fúlàní ń sè tà, púpọ̀ ṣúgà yẹn ti bá omi rẹ̀ lọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yọ inú ẹni lẹ́nu.